Ìjọba Ilẹ̀ Òkèèrè Gbẹ́sẹ̀ Lé Dúkìá: Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbà Á Ni Ẹjọ́ Ti Bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 2012, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé tó wà ní ìlú The Hague pàṣẹ pé kí Kóńgò-Kinshasa san dọ́là 95,000 fún orílẹ̀-èdè Gínì nítorí Ahmadou Sadio Diallo, oníṣòwò ọmọ Gínì tó ti gbé Kóńgò fún ọdún 32 kí wọ́n tó lé e kúrò nílùú ní oṣù kìíní ọdún 1996. Iye tí Gínì béèrè lé ní mílíọ̀nù 11 dọ́là. Nínú 95,000 tí kóòtù fọwọ́ sí, 85,000 jẹ́ ti ìyà àti àbùkù tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Ti ẹrù ilé rẹ̀ kò ju 10,000 lọ, bẹ́ẹ̀ 550,000 ni wọ́n béèrè fún un. Ìwé àkọsílẹ̀ ẹrù tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọjọ́ 12 lẹ́yìn tí wọ́n lé e ka ẹrù náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ iye tí ẹyọ kan tó. Àwọn nǹkan olówó ńlá tí wọ́n wá dárúkọ ní kóòtù kò sí nínú rẹ̀. Wọn ò rí ìwé kankan mú wá nípa owó tí wọ́n ní ó wà ní báǹkì. Kódà, àwọn adájọ́ ló fojú àánú òun òdodo wò ó kí 10,000 yẹn tó jáde.

Ẹ kíyè sí i pé Diallo ló jàre. Kóòtù gbà pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àmọ́ ká jàre lọ́tọ̀, kówó wọlé lọ́tọ̀. Láti 1928 tí ilé ẹjọ́ àgbáyé ayé ìgbà yẹn ti dá ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Chorzów tó wà láàárín Jámánì àti Pólándì ni ìlànà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ìjọba tó bá rú òfin lórí dúkìá àjèjì gbọ́dọ̀ dá ọ̀ràn padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tàbí kó san owó tó bá a dọ́gba. Torí náà, kì í ṣe bóyá òfin wà ló máa ń ba ẹjọ́ yìí jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ta lẹ jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gba dúkìá náà, kí lẹ ní lọ́wọ́ láti fi hàn pé tiyín ni, èló ló tó lọ́jọ́ yẹn gan-an, àti pé ilẹ̀kùn wo ló ṣí sílẹ̀, títí di ìgbà wo.

Gbígbà tó jẹ́ gbígbà

Ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti gba dúkìá, ti àjèjì pẹ̀lú. Ohun tí òfin àgbáyé béèrè ni pé kó jẹ́ fún àǹfààní ará ìlú, kó má ṣe dá ẹ̀yà tàbí ọmọ ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún ìyà, kó tẹ̀ lé ìlànà, kó sì san owó gbà-máà-bínú. Nígbà tí Mẹ́síkò gba oko àwọn ará Amẹ́ríkà, Cordell Hull tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà kọ̀wé ní 1938 pé owó náà gbọ́dọ̀ yá, kó tó, kó sì jẹ́ èyí tí ẹni tó gbà á lè ná ní tòótọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ló wà nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn ìdókòwò títí dòní. Ẹ fi ìkẹta yẹn sọ́kàn. Ìwé gbèsè tí wọ́n máa san lẹ́yìn ogún ọdún, ní owó tí kò ṣeé ṣẹ́ sí owó mìíràn, tí kò sì gbọ́dọ̀ jáde nílùú, kì í ṣe owó tó ṣeé ná.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ṣọ́jà ń wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìjọba lè yan alábòójútó lé ilé-iṣẹ́ lórí, kó ti àkáǹtì pa, kó kọ̀ láti tún ìwé àṣẹ ṣe, kó sì jẹ́ kí orúkọ yín ṣì wà nínú ìwé ilẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Tippetts nìyẹn, tí ilé ẹjọ́ tí Ìráànì àti Amẹ́ríkà jọ gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ìyípadà ìjọba Ìráànì ti 1979 dá ní 1984. Kò sí òfin kankan tó sọ pé wọ́n gba ilé-iṣẹ́ náà. Alábòójútó tí ìjọba yàn ló gba agbára lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, kóòtù sì ní gbígbà ni. Ní ti owó orí tó ga, òfin ìkọ́lé tuntun, tàbí owó ilẹ̀ tó wálẹ̀, ìyẹn kì í sábà wọ abẹ́ gbígbà, bó ti wù kó dunni tó.

Níbi tí gbígbà bá ti ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ báyìí, iṣẹ́ ńlá ni láti mọ ọjọ́ rẹ̀. Ẹ kọ ìtàn náà sílẹ̀ bí kàlẹ́ńdà: ọjọ́ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé, ọjọ́ tí wọ́n lé ọlọ́dẹ kúrò, ọjọ́ tí báǹkì kọ̀wé, ọjọ́ tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ilé. Ọjọ́ tí ẹ ò lè lò ó mọ́, tí ẹ ò lè tà á, tí ẹ ò sì lè wọlé mọ́, òun ni wọ́n sábà ń pè ní ọjọ́ gbígbà. Gbogbo ohun tó kù ni wọ́n máa fi ọjọ́ yẹn wọ̀n.

Ọmọ ìlú ibo lẹ jẹ́ lọ́jọ́ náà?

Ibí ni èyí tó pọ̀ jù ti ń ṣubú, ó sì máa ń ṣòro fún èèyàn láti gbà. Orílẹ̀-èdè kan kì í bá ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀ béèrè. Yóò wò ó pé ọmọ òun ni yín lọ́jọ́ tí wọ́n gba dúkìá, ó sì gbọ́dọ̀ ṣì rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí òun gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú ìjọba kejì. Ẹni tó di ọmọ onílùú ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn gbígbà ti pẹ́ jù. Wọ́n rí èyí dáadáa nínú ọ̀rọ̀ Kúbà, níbi tí ìjọba Fidel Castro ti gba dúkìá àwọn ará Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà ní àjọ kan tó ń jẹ́ Foreign Claims Settlement Commission, tó ń ṣàyẹ̀wò ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Ètò àkọ́kọ́ tí àjọ yìí ṣe lórí Kúbà parí ní 1972: ẹ̀tọ́ 8,816 ni wọ́n kọ̀wé béèrè, wọ́n sì fọwọ́ sí 5,911, tó jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.85 dọ́là láìka èlé. Àwọn tó jẹ́ ọmọ Kúbà lọ́jọ́ tí wọ́n gba ilé wọn, tí wọ́n wá di ará Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, kò sí nínú iye yẹn.

Ẹni tó ní ìwé ọmọ onílùú méjì ńkọ́? Tí ìjọba tó gba dúkìá bá jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì, ogun mìíràn nìyẹn. Ilé ẹjọ́ Ìráànì àti Amẹ́ríkà sọ ní 1984 pé òun máa wo ibi tí ayé ẹni náà fìdí múlẹ̀ sí jù: ibi tó ń gbé, ibi tí ẹbí rẹ̀ wà, ibi tó ti ń sanwó orí, ibi tó ti ń dìbò. Nítorí náà, kì í ṣe ìwé ìrìnnà nìkan lẹ máa kó jọ. Ìwé ilé-ìwé àwọn ọmọ, ìwé owó orí ọdún kọ̀ọ̀kan àti ìwé àdéhùn ilé wúlò. Nínú àwọn àdéhùn ìdókòwò míì sì rèé, ẹni tó jẹ́ ọmọ ìlú méjèèjì kò lè béèrè rárá.

Kọ́ńpínnì tún ní tirẹ̀. Dúkìá tó wà lórúkọ kọ́ńpínnì kì í ṣe ti ẹni tó ni ìpín ìdókòwò nínú rẹ̀, àní bó bá ní gbogbo rẹ̀. Bẹ́ljíọ̀m bá Sípéènì ṣẹjọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé lórí kọ́ńpínnì Barcelona Traction torí pé àwọn ará Bẹ́ljíọ̀m ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ni ìpín. Ní 1970, kóòtù náà sọ pé Kánádà tí wọ́n ti dá kọ́ńpínnì náà sílẹ̀ ló lè sọ̀rọ̀. Ohun tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Diallo náà nìyẹn. Kọ́ńpínnì méjì tó dá sílẹ̀ jẹ́ ti Kóńgò lábẹ́ òfin, kóòtù sì sọ ní 2007 pé Gínì kò lè béèrè fún wọn. Èyí tó gbé e wọlé ni ẹ̀tọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ìdókòwò òde òní ti ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ni ìpín, ṣùgbọ́n inú ìwé àdéhùn yẹn lẹ ti máa kà á. Ẹ má ṣe gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí níbi gbogbo.

Bí ẹni tó ni dúkìá bá ti kú, ìlà ìdílé gbọ́dọ̀ so pọ̀ láìjá: ìwé ikú, ìwé ìpíngún tàbí àṣẹ kóòtù tó pín ogún, ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó níbi tí orúkọ ti yí padà. Àjògún kọ̀ọ̀kan tún gbọ́dọ̀ fi ìwé ọmọ onílùú tirẹ̀ hàn. Nínú ọmọ mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìpín ẹni méjì péré ló máa bá òfin mu.

Ẹ ṣọ́ra fún títà pẹ̀lú. Lẹ́yìn wàhálà Suez ti 1956, nígbà tí Íjíbítì gba dúkìá àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Íjíbítì san mílíọ̀nù 27.5 pọ́n-ùn fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1959, wọ́n sì ní kí àjọ kan pín in. Kọ́ńpínnì kan tí orúkọ rẹ̀ wá di Anisminic ti ta dúkìá rẹ̀ tó wà ní Sinai fún àjọ kan ní Íjíbítì ní 1957. Àjọ tó ń pínwó ní ẹni tó rà á kì í ṣe ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kọ́ńpínnì náà ò lẹ́tọ̀ọ́. Ó di ilé ẹjọ́ tó ga jù ní òpin 1968 kí wọ́n tó sọ pé àjọ náà ṣi òfin kà. Bí wọ́n bá gbé ìwé títà tàbí risíìtì “a ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ wa” wá bá yín nígbà tí ọwọ́ wọn ti wà lórí ilé, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé náà tàbí sínú lẹ́tà ọjọ́ kan náà pé kì í ṣe tinútinú yín, àti pé ẹ ò jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ yòókù.

Fáìlì tó lè dúró fúnra rẹ̀

Ẹ ronú pé ẹni tí kò mọ̀ yín rí, tí kò dé ìlú náà rí, ló máa ka fáìlì yìí ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. Ìwé tó lágbára jù ni èyí tí ẹnikẹ́ni ò ṣe nítorí ẹjọ́: ìwé ilẹ̀ láti ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, risíìtì owó orí ilé, ìwé ìdógò báǹkì, ìwé adójútòfò tó sọ iye tí ilé tó, ìwé àyẹ̀wò àkáǹtì kọ́ńpínnì, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù fún ẹ̀rọ tí wọ́n kó wọlé, àdéhùn pẹ̀lú àwọn ayálégbé. Ìwé adójútòfò pàápàá dára gan-an, torí iye tó wà nínú rẹ̀ ti wà kí ìjà tó dé.

Níbi tí wọ́n ti jó ìwé tàbí tí ẹ sá láìmú nǹkan kan, ẹ wá ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Báǹkì tó yá yín lówó lè ní ìwé ilẹ̀ ní orílé-iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ẹni tó ta ẹ̀rọ fún yín, ayàwòrán ilé, agbẹjọ́rò tó kọ ìwé títà, kálukú wọn ń tọ́jú ẹ̀dà. Ìwé ìròyìn ìjọba tó kéde gbígbà náà jẹ́ ẹ̀rí ọjọ́ tí kò ṣeé jiyàn. Àwòrán láti ojú ọ̀run lè fi ilé hàn lọ́dún kan, kó sì fi hàn lọ́dún kejì pé ó ti di nǹkan mìíràn.

Ìwé ìbúra àwọn aládùúgbò àti òṣìṣẹ́ wúlò, àmọ́ ẹ̀yìn ìwé ló ń dúró, kì í dúró níwájú. Ìbúra tó ní “ilé ńlá ni, olówó ni wọ́n” kò gbé nǹkan kan. Èyí tó ní “mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1998 di 2004, yàrá mẹ́jọ ni, jẹnẹrétọ̀ méjì ló wà lẹ́yìn, èmi ni mo ń san owó iná” ló ń ranni lọ́wọ́. Kí ẹni tó ń búra sọ bó ṣe mọ ohun tó mọ̀. Tí ìbúra mẹ́rin bá ní gbólóhùn kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, adájọ́ á mọ̀ pé ẹnì kan ló kọ ọ́.

Ẹ ka ẹrù yàrá sí yàrá. Kí ohun kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: kí ni, ọdún tí ẹ rà á, iye tí ẹ rà á, ní owó wo, ipò tó wà lọ́jọ́ gbígbà, ẹ̀rí tó wà fún un. Bí ẹ ò bá ní risíìtì, ẹ kọ bí ẹ ṣe dé iye náà. Ìwé èdè mìíràn ń fẹ́ ògbufọ̀ tó fọwọ́ sí i. Ìwé ìjọba láti ìlú kan sí èkejì sì ń fẹ́ òǹtẹ̀ apostille tí àdéhùn The Hague ti 1961 dá sílẹ̀, tàbí òǹtẹ̀ ẹ́ńbásì níbi tí wọn ò bá sí nínú àdéhùn yẹn. Àtilẹ̀bá ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ yín àyàfi tí òfin bá ní kó kúrò. Ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì tọ́jú risíìtì ìfìránṣẹ́.

Èló?

Iye tó tó lọ́jọ́ gbígbà ni ìpìlẹ̀. Kì í ṣe iye tí ẹ rà á, kì í sì í ṣe iye tí ilé bẹ́ẹ̀ ń lọ lónìí. Iye tí ìròyìn pé ìjọba ń bọ̀ wá gbà á ti já wálẹ̀ kò sì yẹ kó pa yín lára. Ilé àti ilẹ̀ ni wọ́n ń fi iye ọjà wọ̀n. Ẹ wá ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n tà ládùúgbò kan náà láàárín ọdún kan tàbí méjì ṣáájú. Ilé-iṣẹ́ tó ń pawó ni wọ́n ń fi èrè tó ṣeé retí wọ̀n, bó bá ti ní àkáǹtì ọdún mélòó kan tó fi èrè hàn. Ilé-iṣẹ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kì í sábà rí ju owó tí wọ́n ná sórí rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń fi iye tí tuntun rẹ̀ tó wọ̀n, kí wọ́n yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò.

Ẹ ya nǹkan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ilẹ̀ lọ́tọ̀, ilé lọ́tọ̀, kànga, irè oko, ẹran ọ̀sìn, ẹ̀rọ. Ìdí ni pé ẹni tó máa sanwó lè gbà láti san lórí apá kan nìkan. Ní Sìmbábúè, àdéhùn bílíọ̀nù 3.5 dọ́là tí ìjọba bá àwọn àgbẹ̀ tó gba oko lọ́wọ́ wọn fọwọ́ sí ní 2020 jẹ́ ti ohun tí wọ́n kọ́ àti ohun tí wọ́n gbìn sórí ilẹ̀. Kò sí ti ilẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí iye kan ṣoṣo máa tún ìṣirò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èlé lè ju ojú owó lọ. Kòsítá Ríkà gba ilẹ̀ Santa Elena ní 1978 láti fi kún ọgbà ẹranko. Ìjọba ní mílíọ̀nù 1.9 dọ́là ló tó, àwọn tó ni ín ní mílíọ̀nù 6.4. Nígbà tí ìgbìmọ̀ adájọ́ ICSID, àjọ Báǹkì Àgbáyé tó ń rí sí aáwọ̀ ìdókòwò láàárín ìjọba àti àjèjì, parí ẹjọ́ ní 2000, wọ́n ní mílíọ̀nù 4.15 ló tó ní 1978, wọ́n sì fi èlé orí èlé kún un, ó di mílíọ̀nù 16. Wọ́n tún sọ pé bí ète ìjọba ti dára tó láti dáàbò bo igbó, kò mú un kúrò lára sísan owó. Ti Kúbà, 6% lọ́dún ni, lórí ojú owó nìkan. Nítorí náà, ẹ béèrè èlé láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sọ irú rẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò béèrè, wọ́n lè má fún un.

Ẹ má ṣe bu iye kún un. Adájọ́ tó bá rí ìlà kan tí wọ́n fẹ̀ lójú máa fura sí gbogbo ìlà yòókù.

Àwọn ilẹ̀kùn

Ìlú tó gba dúkìá gan-an ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ọ. Òfin àgbáyé fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ lo kóòtù àti ọ́fíìsì ibẹ̀ títí dé òpin, àyàfi bó bá hàn gbangba pé asán ni. Òfin tó gba dúkìá sábà ń fúnni ní ọjọ́ díẹ̀ láti ta kò ó. Ẹ kọ̀wé, kódà bí ẹ bá mọ̀ pé wọn ò ní dáhùn. Lẹ́tà tí wọn ò dáhùn, tí ẹ ní ẹ̀rí pé ó dé ọwọ́ wọn, òun lẹ máa fi sọ lọ́jọ́ iwájú pé ẹ gbìyànjú.

Ìkejì ni ìjọba tiyín. Ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kí ẹ fi ẹ̀dà fáìlì sí i, kí ẹ ní kí wọ́n fi òǹtẹ̀ gbà á. Kò di dandan kí ìjọba bá yín jà. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìpinnu wà, ó sì lè fi ẹ̀tọ́ yín ṣe pàṣípààrọ̀ nínú àdéhùn ńlá láìbi yín léèrè. Ọ̀nà yìí ló sì ti sanwó fún ọ̀pọ̀ èèyàn lásán tí wọn ò lè gba agbẹjọ́rò olówó ńlá: ìjọba méjèèjì á dúnàádúrà, wọ́n á san owó àpapọ̀ kan, àjọ kan á pín in fún àwọn tí ẹ̀tọ́ wọn ti dájú. Ṣáínà san mílíọ̀nù 80.5 dọ́là fún Amẹ́ríkà lábẹ́ àdéhùn 1979, nígbà tí ẹ̀tọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 197, nítorí náà nǹkan bíi sẹ́ǹtì 41 ló kan dọ́là kọ̀ọ̀kan. Ti Fiẹtinámù ní 1995 jẹ́ mílíọ̀nù 208.5, ó sì kárí ojú owó àti èlé. Ẹ ò lè yan èyí tí tiyín máa dà. Ohun tí ọwọ́ yín ká ni kí orúkọ yín wà nínú ìwé kí ilẹ̀kùn tó tì. Ní ti Ìráànì, ọdún kan péré ni wọ́n fi sílẹ̀: gbogbo ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ wọlé, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní 1982. Ìjọba ẹni tó ń béèrè ló bá a gbé èyí tó kéré sí dọ́là 250,000 wá.

Nígbà míì, irú fọ́ọ̀mù tí ẹ yàn ló máa pinnu ẹ̀rí tí wọ́n máa béèrè. Lẹ́yìn tí Ìráàkì wọ Kùwéètì, àjọ tí Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè dá sílẹ̀ ní 1991 gba ẹ̀tọ́ bíi mílíọ̀nù 2.7, ó sì parí sísan bílíọ̀nù 52.4 dọ́là ní 2022 láti inú owó epo Ìráàkì. Ẹni tó sá kúrò níbẹ̀ lè gba dọ́là 2,500 láìsí ẹ̀rí mìíràn ju pé ó jáde láàárín ọjọ́ tí wọ́n là kalẹ̀. Bó bá gbà pé òun ò ní béèrè lábẹ́ ìsọ̀rí mìíràn, ó lè gba 4,000. Fọ́ọ̀mù mìíràn wà fún òfò tó dé 100,000, òmíràn sì wà fún èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rí rẹ̀ sì le jù. Ẹni tó sáré mú 4,000 ti ti ilẹ̀kùn èyí tó kù mọ́ ara rẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ìkẹta ni àdéhùn ìdókòwò láàárín orílẹ̀-èdè yín àti èyí tó gba dúkìá. Bó bá wà, ẹ lè gbé ìjọba náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ fúnra yín, irú èyí tó wà lábẹ́ ICSID ní Washington. Ẹ wo bóyá dúkìá yín wọ ohun tí ìwé náà pè ní ìdókòwò, torí ilé tí ẹ kàn ń gbé lè má wọ̀ ọ́. Ẹ wo oṣù tí ẹ gbọ́dọ̀ fi dúró lẹ́yìn lẹ́tà ìkìlọ̀, ó sábà ń jẹ́ mẹ́fà. Ẹ wo bóyá gbígbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ìlú ti ti ọ̀nà yìí pa, nítorí àwọn àdéhùn kan ní kí ẹ yan ọ̀kan, kẹ́ ẹ má sì padà. Ẹ wo bóyá wọ́n fún yín ní ọdún mẹ́ta péré. Àdéhùn tí wọ́n ti fagi lé ṣì lè dáàbò bo ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà yìí gbówó lérí púpọ̀. Ilé kan tí kò ju dọ́là 200,000 lọ kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ wọ ibẹ̀, àfi bí èèyàn púpọ̀ bá pawọ́ pọ̀.

Ìkẹrin ni kóòtù ìlú mìíràn, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ ronú kàn. Ìjọba kan kì í sábà jẹ́jọ́ ní kóòtù ìjọba mìíràn. Òfin Amẹ́ríkà ti 1976 fi àlàfo kan sílẹ̀ fún dúkìá tí wọ́n gbà lọ́nà tó lòdì sí òfin àgbáyé, ṣùgbọ́n dúkìá náà tàbí ohun tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ so mọ́ òwò ní Amẹ́ríkà, tàbí kó wà lọ́wọ́ àjọ ìjọba náà tó ń ṣòwò níbẹ̀. Maria Altmann gba ibẹ̀ wọlé ní 2004 lórí àwọn àwòrán tí ayàwòrán Gustav Klimt yà, tí àwọn Násì gbà lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, tó sì wà lọ́wọ́ Ọ́síríà, wọ́n sì dá márùn-ún padà ní 2006 lẹ́yìn ìdájọ́ onílàjà. Ní 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé nínú ẹjọ́ tó wà láàárín Jámánì àti ẹnì kan tó ń jẹ́ Philipp pé àlàfo yìí kò sí fún ohun tí ìjọba gbà lọ́wọ́ ọmọ ìlú tirẹ̀. Ẹ rí i pé ìbéèrè ọjọ́ yẹn náà ló tún yọjú. Ní ti Kúbà, Amẹ́ríkà ní òfin ọ̀tọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ láti oṣù karùn-ún 2019: àwọn tó ń fi dúkìá tí wọ́n gbà ṣòwò lẹ lè pè lẹ́jọ́, kì í ṣe Kúbà fúnra rẹ̀, ohun tí ẹ ń béèrè sì gbọ́dọ̀ ju dọ́là 50,000 lọ.

Ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù gba ẹnikẹ́ni tí orílẹ̀-èdè inú àjọ Council of Europe bá gba dúkìá rẹ̀, ọmọ ìlú ibẹ̀ pẹ̀lú. Oṣù mẹ́rin péré lẹ ní láti ọjọ́ ìdájọ́ ìkẹyìn nílùú náà. Oṣù mẹ́fà ló jẹ́ kó tó di oṣù kejì 2022, ìwé àtijọ́ tó ṣì ń sọ mẹ́fà sì ti pa ẹjọ́ àwọn kan.

Lẹ́yìn ìdájọ́

Ìwé ìdájọ́ kì í ṣe owó. Wọn ò lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹ́ńbásì, àkáǹtì ẹ́ńbásì, tàbí ọkọ̀ ojú omi ológun. Nígbà tí àwọn tí Ajẹntínà jẹ lówó dá ọkọ̀ ológun rẹ̀ dúró ní Gánà ní 2012, ilé ẹjọ́ àgbáyé lórí òkun ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ kí oṣù kejìlá tó parí. Ohun tó ṣeé mú ni dúkìá òwò: ìpín ìdókòwò, ẹrù epo, owó tí ẹlòmíràn jẹ ìjọba náà. Kọ́ńpínnì Crystallex gba ìdájọ́ tó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ lórí Fẹnẹsúẹ́là ní 2016, ó sì ti ń lé ìpín ilé-iṣẹ́ epo Citgo ní kóòtù Delaware láti ìgbà náà. Kí ẹ tó náwó sórí ẹjọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò pé kí ni ìjọba yìí ní níta tó ṣeé gbá mú. Bí kò bá ní ìdáhùn, àjọ tó ń pínwó lẹ máa fojú sọ́nà fún.

Owó agbẹjọ́rò náà ń fẹ́ àfiyèsí. Níwájú àjọ Amẹ́ríkà tí mo dárúkọ, òfin kò jẹ́ kí agbẹjọ́rò gbà ju 10% owó tó bá wọlé. Níbòmíràn, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn bóyá iye tí wọ́n máa gbà wà lórí ohun tí wọ́n dájọ́ fún yín tàbí lórí ohun tó wọ àpò yín gan-an. Ìyàtọ̀ wọn pọ̀. Ẹni tó bá pè yín lórí fóònù pé owó yín ti jáde, kẹ́ ẹ kàn san owó ìtúsílẹ̀ tàbí owó orí ṣáájú, olè ni. Orúkọ àwọn tó ní ẹ̀tọ́ sábà máa ń wà nínú ìwé tí gbogbo ayé lè rí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o.

Níbi tí kò tíì sí ètò kankan, ẹ ṣe fáìlì mẹ́ta: ọ̀kan lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò tàbí ní àpótí báǹkì, ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà tí ọmọ yín mọ ọ̀nà rẹ̀. Ẹ dárúkọ ẹ̀tọ́ náà nínú ìwé ìpíngún yín gẹ́gẹ́ bí ohun ìní, kí ẹ sọ ẹni tó jogún rẹ̀. Àwọn tó ní ìwé Kúbà lọ́wọ́ láti 1972 ti ń di olóògbé, ìwé náà sì ń bọ́ sọ́wọ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Bí ẹ bá kó kúrò nílé tí àjọ náà mọ̀, ẹ kọ àdírẹ́sì tuntun ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé ẹ̀tọ́ yín lókè lẹ́tà.